Orúkọ Tí Mo Fi Ń Dán Fọ́ọ̀mù Wò

Mo fi Ọlọ́run Ọba búra, mo fi irun funfun orí mi búra, òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ níwájú mi báyìí: ìlà kẹta ló ń ti gbogbo ìlà yòókù ṣubú. Bí mo bá purọ́, kí tíì yìí há mi lọ́fun. Mo wọ̀n ọ́n. Mo tún un wọ̀n. Rúlà irin ni mo fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe rúlà ọlọ́rọ́bà tàwọn ọmọ ilé-ìwé tó máa ń kákò bí oòrùn bá pa á. Láti etí òkè fọ́ọ̀mù dé orí ìlà àkọ́kọ́ — mo mọ̀ ọ́n. Láti ìlà kan dé èkejì — mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà Basra nígbà tí mo ń wa tìrélà. Mo tẹ ọ̀rọ̀ jáde sórí bébà funfun, mo gbé bébà lé fọ́ọ̀mù, mo gbé méjèèjì lé gíláàsì fèrèsé kí oòrùn là wọ́n já. Ọ̀rọ̀ jókòó sórí ìlà bí ẹyẹ lórí wáyà. Kò sí èyí tó yẹ̀. Kò sí èyí tó ga. Èwo wá ni ti òwúrọ̀ yìí... èwo ni...

Fọ́ọ̀mù burúkú. Ẹni tó fa ìlà rẹ kò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Wọn ò ní pẹ́ẹ́ pe ìrun Àílà. Bí wọ́n bá sì ti kírun tán, Ìyá Rafal á yọ lábẹ́ igi tó wà lódìkejì yẹn, báàgì ìránṣọ ní apá, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ nínú ọ̀rá kó má baà ká létí. Á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yìí. Kò ní jókòó. Á ní, "Bàbá Ghayib, ó ti ṣe tán?" Kí ni màá sọ. Kí ló kù tí n kò tíì sọ. Lánàá mo ní inki ló tán. Ṣáájú ìyẹn mo ní jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ni kò dúró. Ṣáájú ìyẹn mo ní fọ́ọ̀mù tuntun ni, àwòṣe rẹ̀ inú kọ̀ǹpútà kò tíì bá a mu, kó ṣe sùúrù, ó kù díẹ̀.

"Díẹ̀ yín yìí ti gùn ju afárá tí wọ́n ń tún kọ́ láti ìgbà ogun lọ."

Bó ṣe wí nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ló fi ń jẹun, abẹ́rẹ́ náà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ni, kì í ṣe ìyá mi, kì í ṣe ọ̀gá mi, kí ló dé tí àyà mi fi ń já bí mo bá rí báàgì yẹn? Èmi tí mo ti sùn sábẹ́ tìrélà nínú aginjù, tí ìkookò ń gbóòórùn ẹsẹ̀ mi. Èmi.

Ohun tó sì fẹ́ kò ju ìwé kan lọ. Ìwé pé Abbudi ti kú. Abbudi, àbúrò mi, ọkọ rẹ̀, bàbá Rafal, tí wọ́n gbé lọ nígbà ogun tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Kí n fi ìka mi yìí tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù, kí ọ́fíìsì iwájú yìí lù ú lóńtẹ̀, kó gbé e lọ sí kóòtù, kí Rafal lè rí ìwé ìrìnnà gbà. Ọmọ tí kò tíì tójú bọ́ kò lè gba ìwé ìrìnnà níbí láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ dúró níwájú wọn, tàbí kí wọ́n mú ìwé wá pé bàbá náà kò ní lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé. Bí Rafal bá sì gba ìwé ìrìnnà tán — Amman lódìkejì ààlà ló kù. Àbúrò Ìyá Rafal ti ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ níbẹ̀, ó ti gbé ẹ̀rọ kan sílẹ̀ dè é. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí Rafal ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń dárúkọ àlùjánnà. Wọ́n á lọ. Wọ́n á kó ẹrù, wọ́n á gun ọkọ̀, wọ́n á lọ. Ilé á wá kù sí èmi àti... èmi àti ta. Èmi àti tẹ́ǹkì omi orí òrùlé.

Rafal fúnra rẹ̀ kò bi mí léèrè ìwé náà rí. Ìyẹn tún burú ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án àná ó gbé kubba, àkàrà ẹran, wá fún mi nínú abọ́ tí a fi aṣọ dì, ó dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ní, "Bàbá mi, ta ni yóò máa se oúnjẹ fún yín?" Bàbá mi ló máa ń pè mí, bí ọmọ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Mo ní kí ó lọ sílé, oòrùn ti mú. Ó ṣì ku kubba kan nínú abọ́ náà títí di báyìí.

Ìyá rẹ̀ lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo sọ fún un. Akọ̀wé kún òpópónà yìí bí eṣinṣin ẹnu ṣọ́ọ̀bù alápatà. Mo ní, "Lọ sọ́dọ̀ Mufid níkángun yẹn, àwòṣe tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́." Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni akọ̀wé. Kí n wá gbé òkú ọkọ mi fún Mufid sin?"

Òkú. Ó pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀sán gangan, àwọn ènìyàn ń kọjá, ẹnì kan ń ra síìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ta ló rí òkú? Ta ló wẹ̀ ẹ́? Mo bi í. Mo ní, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?" Ó ń tún okùn báàgì rẹ̀ so.

Inú ń bí mi sí i. Jẹ́ kó bí mi.

Àti orúkọ yẹn náà. Bàbá Ghayib. Bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin tí kò bímọ nílùú yìí nìyẹn: bàbá ẹni tí kò tíì dé. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni, kí a má baà máa pe àgbàlagbà ní orúkọ àbísọ bí ọmọdé. Ọ̀wọ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí etí mi fi di. Mo gbọ́ ọ ní ibùdókọ̀ Aqaba, mo gbọ́ ọ nínú ilé oúnjẹ tí mo ti fọ abọ́ ní Dimashq. Kò dùn mí rí. Ní báyìí, bí ẹnì kan bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń fẹ́ bi í pé, èwo nínú àwọn tí kò tíì dé?

Bàbá arúgbó tí mo ba ìwé rẹ̀ jẹ́ láàárọ̀ yìí ṣì wà níta. Mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí, aṣọ pupa-òun-funfun tó wé mọ́ orí. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé torí pé oòrùn ti yan án. Mo ní kó wọlé. Kò wọlé. Ó ní òun fẹ́ máa wo ẹnu-ọ̀nà ọ́fíìsì, kí wọ́n má baà tilẹ̀kùn kí òun tó mọ̀. Láti abúlé ìsàlẹ̀ odò ló ti wá, ó wọ ọkọ̀ kan, ó wọ èkejì. Ọmọ tirẹ̀ náà nù. Ó ra fọ́ọ̀mù lójú fèrèsé ọ́fíìsì bí gbogbo ayé ṣe ń rà á, nọ́ńbà pupa lórí, èdìdì nísàlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nígbà kan. Wọn ò gba ìwé ọwọ́ mọ́. Láyé àtijọ́ a ó fa bírò yọ, a ó jókòó sábẹ́ agbòòrùn. Ẹni tó ra ilé, ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó nù, ẹnu bírò kan náà ni gbogbo wọn ń gbà jáde. Bírò mọ ibi tí ìlà wà, ojú ló fi ń ríran. Kọ̀ǹpútà kò ríran. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé fọ́ọ̀mù kan wà láyé. Ẹni tó ṣe àwòṣe ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n fún un: fi ọ̀rọ̀ kìíní síbí, fi èkejì síbí, fi àlàfo tó tó báyìí sáàárín wọn, kó tó di pé a kì bébà onínọ́ńbà pupa bọ ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí a ní bisimilah.

Mo ní bisimilah. Mo tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀. Orúkọ gígùn. Ó dé etí àpótí, kò rí ààyè, ó ṣẹ́ sí méjì, ìdajì bọ́ sísàlẹ̀ — ó sì ti gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣubú ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ìyá ọmọ lọ bọ́ síbi ọjọ́ tí wọ́n rí i kẹ́yìn. Ọjọ́ lọ bọ́ síbi tí wọ́n ti rí i. Ibi tí wọ́n ti rí i lọ bọ́ sórí ìbuwọ́lù ẹlẹ́rìí. Kí n tó la ojú, bébà ti jáde. Inki kì í ṣe omi ọbẹ̀ tí a lè lá padà. Mo sì tún fún un. Mo fún un bẹ́ẹ̀. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní, "Ó ti parí, Bàbá, máa lọ."

Ẹni ojú fèrèsé kò tilẹ̀ kà á tán. Gbogbo òpópónà ló gbọ́ ohun tó sọ, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún mi ní ọ̀nà oríṣiríṣi. "Bàbá, ta ni Khawla? Ṣé ọjọ́ tuntun ni wọ́n fi kún ọ̀sẹ̀?" Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Khawla ni ìyá ọmọ tó nù. Àwọn tó tò sẹ́yìn náà sì rèé, fọ́ọ̀mù kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò mọ ibi tó yẹ.

Ó padà wá. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì mi pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo ti dá ẹ̀bi fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo ti dá ẹ̀bi fún àwọn tó tẹ fọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi bí òkúta. Kò bá mi jà.

"Ọmọ mi, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. A ti dúró ju báyìí lọ. Jẹ́ kí n lọ ra òmíràn."

Ọmọ mi. Èmi tí irùngbọ̀n mi funfun ju tirẹ̀ lọ. Ó sì tún lọ tò, láti ẹ̀yìn, ó ra á, ó padà wá dúró dè mí níta. Ì bá bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ ibi tí màá sọ ìbínú yìí sí. Ní báyìí ó wà nínú mi, ó ń ká kiri bí ológbò tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé... rárá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ń fa bébà láti ẹ̀gbẹ́ kan bí arọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fà á láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, mo sì ti fi àlàfo dí i. Ta ló kù. Bébà? Wọ́n sọ lóde pé fọ́ọ̀mù tuntun kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìwọ̀n èékánná. Mo gbé rúlà lé e. Kò kúrú. Irọ́ ọjà ni.

Dírẹ́bà àgbà kan ló kọ́ mi lọ́jọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì wa ń pariwo lọ́nà Rutba: ó ní ẹ́ńjìnnì kì í bàjẹ́ níbi tó ti ń pariwo. Ó ní ibi tí o kò fẹ́ fọwọ́ kàn torí pé ó gbóná, ibẹ̀ ni kí o lọ wò. Kí ni ìyẹn wá kan fọ́ọ̀mù. Kò kàn án. Mo kàn rántí rẹ̀ ni.

Àlàájì Shamil ló ni ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo ni ọwọ́. Ó ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn báyìí, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fọn imú. Kó tó lọ, ó mú bébà tí mo fi dán àwòṣe wò lórí tábìlì, ó fi awò ojú rẹ̀ sí, ó kà á jáde. Ní ìlà kẹta, níbi orúkọ ẹni tó nù: Shamil Aziz Amin.

"Bàbá Ghayib."

"Ẹ̀n."

"Ìgbà wo ni mo nù?"

"Orúkọ lásán ni. Mo fi dán an wò ni."

"O fi mí dán ikú wò." Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi gbọn tábìlì. "Ìyàwó mi ti ń wá mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò rí mi. Sọ fún un kó wá gba fọ́ọ̀mù." Ó wá gbé bébà kalẹ̀, ó ń nu awò ojú. "Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ dán jàlámíà wò? Orúkọ mi kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Wá ẹni tó sanra wọ̀ ọ́, wàá rí ibi tó ti ya."

Ó ń kọ́ mi. Àlàájì Shamil tí kò lè fi ìka kan tẹ orúkọ ara rẹ̀ láìpe ẹlẹ́rìí, ó ń kọ́ mi. Ta ni kò mọ̀? Èmi ni mo kọ́ Mufid. Èmi ni mo jókòó tì í lórí àga yìí tí mo ní: Mufid, orúkọ tó gùn jù lọ ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀, bí ẹni gíga jù bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá láìfi orí gbá a, àwọn aràrá ò ní wàhálà. Gbogbo òpópónà yìí ló ń sọ ọ́ báyìí bí ẹni pé àwọn ló bí i. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tẹ Shamil Aziz Amin.

Kí ló dé? Torí pé orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri, lórí ìwé-àṣẹ ṣọ́ọ̀bù. Ojú mi ló bá a pàdé. Mo kọ́kọ́ tẹ tèmi, Saad Dhannun, ó jókòó. Mo tẹ orúkọ Nizar tó ń ta tíì. Mo tẹ orúkọ ẹni tó ń dín falafẹ́lì. Ó ku díẹ̀ kí n tẹ orúkọ ológbò. Gbogbo wọn ló jókòó, mo sì ń yọ̀, mo ń ní ó ti bá a mu, ó ti bá a mu...

Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹnu àwọn àgbà dùn. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún mi lónìí, màá lé e jáde. Ó sàn fún ta? Òkú kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó nù lè kan ilẹ̀kùn. Ó lè kàn án lónìí, bí mo ṣe jókòó yìí, ó lè gba ẹ̀gbẹ́ bàbá arúgbó yẹn kọjá, kó tẹ orí wọlé, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tíì ò sí?" Kí n wá máa wo ojú rẹ̀, kí ìwé ikú rẹ̀ ṣì máa gbóná lẹ́nu ẹ̀rọ. Kí n wí kí ni?

Ara ògiri ilé búrẹ́dì ni wọ́n to gbogbo ọkùnrin àdúgbò sí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ní ìbọn ló ń yan. Ìbọn ta ni, n kò mọ̀. Lásìkò yẹn ìbọn kì í sọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo irùngbọ̀n mi. "Ìwọ àgbà, lọ jókòó." Ó dé ọ̀dọ̀ Abbudi. "Ìwọ, gun ọkọ̀. A fẹ́ yẹ orúkọ yín wò ni, ẹ ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú." Ọkọ̀ funfun, irú èyí tó máa ń kó àwọn olùkọ́ lọ sílé-ìwé. Fèrèsé kan kò ní gíláàsì, wọ́n fi páálí dí i. Abbudi jókòó lẹ́yìn páálí yẹn. N kò rí ojú rẹ̀. Páálí ni mo rí.

Yẹ orúkọ wò. Mo wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún Ìyá Rafal nígbà tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án. Mo ní, "Orúkọ ọkọ rẹ ti gùn jù. Wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ dé ìdajì ni." Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ó sì jẹ òkèlè kan. Ó sọ fún Rafal. Rafal náà rẹ́rìn-ín. A fi jẹun fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn ò tíì dé ìdajì. Wọ́n ti dé orúkọ bàbá bàbá wa báyìí. Lọ́jọ́ kan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́, mo sì ń sọ ọ́ lọ.

Abdulmuhaymin Dhannun Abdulghafur Abdulmawjud. Orúkọ Abbudi lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ nìyẹn, bàbá wa ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n bí mi ó sọ mí ní Saad, ẹyọ kan bí eyín ọmọ tuntun. Nígbà tí Abbudi dé, ó ní òun kò ní ṣahun mọ́. Kò sí fọ́ọ̀mù tó gba orúkọ yẹn rí láìjà. Ilé-ìwé kọ ìdajì rẹ̀. Àwọn ológun kọ ìdajì tó kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi í dán àwòṣe wò. Kì í ṣe ìfẹ́. Iṣẹ́ ni. Ní gbogbo ẹ̀bá odò yìí kò sí orúkọ tó gùn tó o. Bí fọ́ọ̀mù tuntun bá dé, màá tẹ Abbudi wọ inú rẹ̀. Bí ó bá gba Abbudi, ó gba gbogbo ayé. Fọ́ọ̀mù ilé: Abbudi. Fọ́ọ̀mù káàdì oúnjẹ: Abbudi, ìyàwó kan, ọmọ kan. Nínú ẹ̀rọ yìí ó ń ra mọ́tò, ó ń tà á. Ó ti kó lọ sí àdúgbò tó dára ju tiwa lọ. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún Hajj. Ó ti fẹ́ ìyàwó kejì nínú fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó — Ìyá Rafal kò mọ̀ o, bó bá mọ̀ á fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu mi pọ̀. Nígbà òtútù tó kọjá, fọ́ọ̀mù ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ yí padà, mo ṣe àwòṣe rẹ̀ láàárín ife tíì méjì, Abbudi ló kọ́kọ́ gba ìwé-àṣẹ. Mo kọ ọjọ́ orí rẹ̀ síbẹ̀. Mo fi ọdún kan kún ti tẹ́lẹ̀. Mo máa ń fi kún un. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan tí mo ń fi ọdún kan kún un...

Dúró.

Fún àyẹ̀wò lásán, nọ́ńbà kankan á ṣe é. Ta ló ní kí n máa fi kún un? Àlàájì kò ní kí n ṣe é. Iṣẹ́ kò béèrè rẹ̀. Kò sí oníbàárà tó ń rí i. Bí oníbàárà bá dé, màá pa Abbudi rẹ́, màá tẹ orúkọ tirẹ̀. Bí ó bá lọ, màá dá Abbudi padà sáyè rẹ̀. Màá dá a padà. Lójoojúmọ́ ni mo ń dá a padà, ọwọ́ mi sì ń ṣe é bí ọwọ́ ṣe ń wá bọ́tìnnì.

Fọ́ọ̀mù yìí nìkan ni mi ò tẹ̀ ẹ́ sí.

Ó dáa. Ó ti dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà yẹn lọ sí ìlà kẹta. Mo pa Àlàájì rẹ́. Mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó jókòó. Mo tẹ èkejì. Orúkọ tirẹ̀ wọlé, ti bàbá wa wọlé, ti bàbá bàbá wa wọlé dé ìdajì — ó kan ògiri. Ó ṣẹ́. Ìdajì bọ́ sísàlẹ̀, gbogbo ìlà yòókù sì ṣubú tẹ̀lé e, gẹ́lẹ́ bí ti òwúrọ̀. Ibi tó ti ya nìyí. Kí n sọ fún àpótí náà pé kò gbọdọ̀ ga sí i, kí n sọ fún lẹ́tà pé kó súnkì bí orúkọ bá gùn. Kò ju ká mí sínú ká mí síta lọ. Inú gbogbo àwòṣe yòókù ni mo ti ṣe é láìronú, ọwọ́ mi ló ṣe é. Bàbá arúgbó yẹn tò lẹ́ẹ̀mejì nínú oòrùn, wọ́n fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé akọ̀wé kan kò fẹ́ tẹ orúkọ kan. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Má wo ẹ̀rọ.

Mo ṣe é. Ó gbà. Orúkọ dúró lórí ìlà kan ṣoṣo, látòkèdélẹ̀ kò sí ohun tó mì.

Àwòṣe ti ṣe tán, mi ò sì rí nǹkan tí màá bínú sí mọ́. Mo wò káàkiri. Tíì ti tutù. Àlàájì ti tẹ́ ẹní rẹ̀ lẹ́yìn àpótí bébà. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ọ̀rọ̀ ikú kankan. Orúkọ nìkan ló wà láàárín funfun, kò sí ohun tó ṣáájú rẹ̀, kò sí ohun tó tẹ̀lé e. Orí fọ́ọ̀mù ni ikú wà, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ sílẹ̀. Bí mi ò bá kì fọ́ọ̀mù bọ ẹ̀rọ, méjèèjì ò ní pàdé. Mo lè jókòó báyìí. Mo lè jókòó báyìí títí Rafal yóò fi hu ewú.

Wọ́n ti ń pe ìrun. Bàbá arúgbó ti dìde lórí búlọ́ọ̀kù, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀, fọ́ọ̀mù rẹ̀ tuntun wà lọ́wọ́, kò yí ojú kúrò lára ẹnu-ọ̀nà yẹn. N kò tíì rí báàgì ìránṣọ lábẹ́ igi.

Ìyá Rafal ti wá lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ yìí. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní kò ní ojú àánú, mo ní, "O fẹ́ sin ọkọ rẹ láìsunkún." Ẹnì kan tó ń ra síìmù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bínú. Ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó ti ní ẹsẹ̀ kan níta. Ó wò mí bí ó ṣe máa ń wo aṣọ kó tó fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó sì sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. Ó ní, "Mo ti sunkún tèmi tán. Tiyín ló kù." Ó sì lọ.

Mo ti sunkún tèmi tán. Tiyín ló kù.